Etí Tí Ọwọ́ Ọ̀tún Mi Kò Lè Kàn

Ilé wa ní Kabawa kò ní aago, síbẹ̀ kò sí ẹni tí kì í mọ ibi tí ọjọ́ dé. Kí ladánì tó pe ìrun àsùbáà tán, ìró bútà tí Ìyá Àgbà fi ń ṣe àlùwàlá yóò ti dún lórí òkúta ẹ̀yìnkùlé. Odó àwọn Nupe tí ilé wọn fara ti tiwa yóò gbà á, wọn a máa gún ọkà bàbà títí oòrùn yóò fi yọ. Bí ọkọ̀ ojú omi ńlá bá fẹ́ gúnlẹ̀ ní Odò Ọya, yóò fọn fèrè, gbogbo ajá àdúgbò á sì dá a lóhùn bí ẹni pé àwọn ni wọ́n ń kí. Bàbá Àgbà, baba tó bí bàbá mi, ni olórí ilé. Òwò ló gbé baba tirẹ̀ kúrò ní Ìlọrin wá sí Lọ́kọ́ja, òwò náà kò sì gbé e padà. Adájọ́ ni ní kóòtù ìbílẹ̀, Baba Adájọ́ sì ni gbogbo ìlú ń pè é. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí oyè yẹn tàn yín jẹ: bí ó bá ti bọ́ láwàní kọ́ sára ògiri, agbára rẹ̀ tán nìyẹn. Ìyá Àgbà, ìyàwó rẹ̀, ló ń ṣòfin nínú ilé, òun ló ń dájọ́, òun náà ló sì ń na ẹni tó bá jẹ̀bi. Bàbá mi ń kó ọjà lọ sí Ọ̀nìṣà, ìyá mi a sì máa bá a lọ, nítorí náà abẹ́ òfin Ìyá Àgbà ni mo dàgbà sí.

Òfin rẹ̀ pọ̀. A kì í gbálẹ̀ lẹ́yìn màngàríbà. A kì í dúró lójú ọ̀nà jẹun. A kì í ti òkèèrè ké pe àgbà. Ṣùgbọ́n èyí tó le jù ni ti ọwọ́ òsì. "A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni," ohun tí yóò sọ nìyẹn, igi orógùn tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ yóò sì sọ ìyókù. Ọwọ́ òsì kò gbọdọ̀ gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, a kò gbọdọ̀ nà án níwájú àgbà, kò sì gbọdọ̀ kan oúnjẹ rárá. Bí àlejò bá wọlé, gbogbo àwa ọmọ ilé ti mọ̀ pé ẹ̀yìn ni òsì ń gbé. Òfin yìí kò ni àwọn ọmọ yòókù lára, ṣùgbọ́n ó ni mí lára, nítorí ọ̀tún mi ní àléébù. Mo ti já bọ́ lórí igi máńgòrò ní ọdún tó ṣáájú, níbi tí mo ti fẹ́ ká èyí tí ẹyẹ kò tíì jẹ lẹ́nu ẹ̀ka. Bàbá kan ní abúlé Ọ̀wọ́rọ̀ lẹ́yìn òkè ló bá mi to egungun apá náà. Egungun jinná, ṣùgbọ́n ìgúnpá kọ̀, apá náà kò tẹ̀ ju ìdajì lọ mọ́. Ọwọ́ mi kò lè dé ẹnu. Bí a bá wá jókòó ti tùwó àti ọbẹ̀ lúrú, ọ̀tún ni mo gbọdọ̀ fi jẹun, ọ̀tún kò sì lè wá bá mi, nítorí náà èmi ni mo ń tẹrí ba lọ bá a. Ọbẹ̀ a máa kán sí mi láyà. Àwọn ọmọ ilé ní Ewúrẹ́ Ìyá Àgbà ni orúkọ mi. Kò sí ẹni tó ronú pé kí n fi òsì jẹ ẹ́, èmi gan-an kò sì rò ó.

Kí n tó já bọ́, wọ́n ti pinnu pé Ìlọrin ni n óò lọ, lọ́dọ̀ àbúrò bàbá mi obìnrin tó ń mọ ìkòkò, kí n lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ìgúnpá mi fọ́ ètò yẹn yángá. Ìyá Àgbà wò mí fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọjọ́ bí ẹni ń wo aṣọ tó ya, tí kò mọ ibi tí òun yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ ẹ́. Ní àárọ̀ kan, ó fi ẹ̀kọ mímu sílẹ̀, ó ní, "Apá tí kò lè gúnyán, tí kò lè mọ ìkòkò, bóyá yóò lè kọ̀wé. Ẹ mú un lọ síléèwé." Kò tíì sí ọmọbìnrin kankan nínú ilé wa tó kàwé rí. Bàbá Àgbà kò jiyàn, ó ti pẹ́ tó ti mọ ìgbà tí ẹjọ́ ti tán. Wọ́n rán aṣọ iléèwé fún mi, mo sì ń gbé e sùn mọ́yà. Mo mọ̀ dájú, bí ọmọdé ṣe ń mọ ohun tí àgbà kò sọ fún un, pé bí ti iléèwé bá tún bọ́, kò sí ibòmíràn tí wọ́n lè fi mí sí ju ìdí ààrò lọ. Ẹ̀rù ìyẹn bà mí púpọ̀.

Ọyẹ́ ọdún náà le. Ètè ń bẹ́, awọ ara funfun, koríko orí ilé gbẹ débi pé ó ń dún bí alángbá bá gbà á kọjá. Ní ọyẹ́ tó ṣáájú, ẹ̀ta iná kan ti fò láti ààrò ìta, ó sì jó ọ̀pọ̀ ilé ní àdúgbò wa. Ìdí nìyẹn tí àwọn aláṣẹ ìlú fi ṣòfin pé bí ọyẹ́ bá ti dé, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dáná ní ìta lọ́sàn-án. Ẹni tó bá rú u, wọn óò wó ààrò rẹ̀, kò sì ní dáná títí òjò yóò fi rọ̀. Akéde fi Yorùbá, Nupe àti Hausa ké e yí Kabawa ká. Ìyá Kásímù, obìnrin Nupe tó ń yan ẹja lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa, gbọ́. Ó kó ààrò rẹ̀ sínú ọkọ̀, ó gbé e lọ sórí yanrìn tó máa ń yọ láàárín odò bí omi bá fà, ó sì ń yan ẹja rẹ̀ níbẹ̀, omi yí i ká. Ìyàwó Ọ̀gá Báyọ̀dé, ọ̀gá iléèwé tí wọ́n fẹ́ mú mi lọ, náà gbọ́. Òun gbé ààrò tirẹ̀ kúrò ní ìta, ó gbé e wọ inú ilé ìdáná tí wọ́n fi koríko bò. Dógarì, bí a ṣe ń pe olọ́pàá ìbílẹ̀ nígbà náà, wa ọkọ̀ lọ mú Ìyá Kásímù lórí yanrìn. Wolé-wolé rí èéfín tó ń gba àárín koríko jáde ní ilé ọ̀gá, ó mú ìyàwó rẹ̀. Ọjọ́ kan náà ni àwọn méjèèjì dé iwájú Bàbá Àgbà.

Bàbá Àgbà kì í sọ ọ̀rọ̀ kóòtù nílé kí ó tó dájọ́, ṣùgbọ́n bí ó bá ti dá a tán, kò sí ohun tó lè pa á lẹ́nu mọ́. Lẹ́yìn màngàríbà ọjọ́ náà, ó jókòó lórí awọ àgùntàn rẹ̀, ó fọwọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀.

"Dógarì ní àṣẹ ni àṣẹ, yanrìn kò ní òrùlé, ìta sì ni ìta. Mo ní ó dára. Mo wá pe akéde, mo bi í léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ nílùú tí wọ́n fi rán an jáde pẹ̀lú òfin yẹn. Ó ní iná ló jó ilé. Mo ní kí gbogbo kóòtù dìde, ká lọ wọ ọkọ̀."

"Kóòtù wọ ọkọ̀?" Ìyá Àgbà dá ṣíbí ọbẹ̀ dúró.

"Gbogbo wa. Akọ̀wé kóòtù kò mọ̀ ọ́n wẹ̀, láti èbúté dé orí yanrìn ló ń ké pe Ọlọ́run. Mo dúró níbẹ̀, mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Ẹ̀ta iná tó bá fò níbẹ̀, inú omi ni yóò kú sí. Ilé ni òfin yẹn ń dáàbò bò, kò bá Ìyá Kásímù wí. Mo ní kí ó máa yan ẹja rẹ̀."

"Ìyàwó ọ̀gá ńkọ́? Òun ló fẹ́ dáná sun gbogbo wa."

Bàbá Àgbà mí kanlẹ̀. "Ti èyí ló fún mi níṣẹ́. Ohun tó ṣe léwu ju ti ẹlẹ́ja lọ. Ṣùgbọ́n ìta ni òfin sọ, inú ilé ni òun sì wà. N kò lè fi ohun tí òfin kò sọ mú ènìyàn. Mo lè fi ohun tí òfin ń wá tú ènìyàn sílẹ̀. Mo dá a sílẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́ níwájú ọkọ rẹ̀ pé kí ó gbé iná kúrò lábẹ́ koríko, mo sì ránṣẹ́ sí àwọn aláṣẹ pé kí wọ́n tún òfin wọn ṣe."

Ìlú fi ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní Baba Adájọ́ ti darúgbó, ẹni tó rú òfin lọ lọ́fẹ̀ẹ́, ẹni tó pa á mọ́ ló gba ìbáwí. Ìyá Kásímù gbé ẹja yíyan ńlá kan wá kí wa, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Wàláhì, Baba, ẹja lásán ni, kì í ṣe nǹkan kan." Bàbá Àgbà kò gbà á. Ìyá Àgbà fi ojú sin ẹja náà títí ó fi yí kọ̀rọ̀, ojú náà kún fún àánú ara rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, nígbà tí èmi náà jókòó sórí àga ìdájọ́, mo bá ọ̀rọ̀ Bàbá Àgbà pàdé nínú ìwé àwọn amòfin, wọ́n ti wé e ní aṣọ tó nípọn débi pé n kò kọ́kọ́ dá a mọ̀. Ohun tí wọ́n sọ ni pé kí adájọ́ béèrè àìsàn tí òfin wá wò, kí ó tó pín egbòogi rẹ̀. Bí mo ṣe ń kà á ni òórùn ọbẹ̀ lúrú ń ta sí mi nímú.

Ọyẹ́ kò tíì kásẹ̀ nílẹ̀ tí iléèwé fi wọlé. Ìyá Àgbà fúnra rẹ̀ ló mú mi lọ. A bá àwọn ọmọ tí wọ́n tò sábẹ́ igi dóńgóyárò, àwọn òbí wọn sì dúró lẹ́yìn. Lásìkò yẹn, ọmọ tó ní ìwé ọjọ́ ìbí ṣọ̀wọ́n, apá ni ìwé ẹ̀rí wa. Ọmọ yóò na ọwọ́ ọ̀tún gba orí kọjá, bí ìka rẹ̀ bá kan etí òsì, ó ti tó lọ síléèwé. Bí kò bá kan, ó di ọdún tó ń bọ̀. Ọ̀gá Báyọ̀dé dúró níwájú wa pẹ̀lú ṣòkòtò tí wọ́n lọ̀ débi pé ó lè gé iṣu. Ará apá Kábà ni, onígbàgbọ́, ó sì ń kí ènìyàn bí wọ́n ṣe ń kíni lọ́dọ̀ wọn. "Okun o, Ìyá," ló wí, ṣùgbọ́n ẹnu nìkan ni ìkíni náà ti jáde. Ó kàn mí. Mo gbé ọ̀tún sókè. Ó gun òkè, ó dúró síbẹ̀, ó na ìka sí ojú ọ̀run bí ẹni ń júwe ẹyẹ. Mo tẹrí síhìn-ín, mo tẹrí sọ́hùn-ún, bí mo ṣe ń ṣe nídìí tùwó. Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín.

"Kò kan," ni Ọ̀gá Báyọ̀dé wí. "Ó di ọdún tó ń bọ̀."

"Ọ̀gá, egungun apá yìí ló dá," Ìyá Àgbà dáhùn. "Kò ní tẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Kò ní tẹ̀ bí ó bá dàgbà tó èmi yìí."

"Ìyá, èmi kọ́ ni mo ṣòfin. Ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ní. Ẹ bi Baba Adájọ́ léèrè, àwọn ló mọ bí òfin ṣe ń rìn." Ó yíjú sí ọmọ tó kàn.

N kò sunkún títí a fi délé. Ìgbà tí Ìyá Àgbà ká aṣọ iléèwé náà, tí ó gbé e sínú àpótí, ni mo bú gbẹ̀ẹ́. Bàbá Àgbà gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ìyá Àgbà ní kí ó lọ bá ọ̀gá.

"N kò lè lọ," ó wí. "Ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò níwájú mi. Bí mo bá lọ bẹ̀ ẹ́, àṣẹ ni yóò jọ. Bí ó bá gbà, ìlú yóò ní mo fi ipò gbà á."

"Ẹ̀yin tí ẹ kó odindi kóòtù wọ ọkọ̀ nítorí ẹja, ẹ ò lè fẹsẹ̀ rìn dé iléèwé nítorí ọmọ? Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́."

Bàbá Àgbà lọ gbé bútà rẹ̀, ó ṣe àlùwàlá, bẹ́ẹ̀ àkókò ìrun kò tíì tó. Mo mọ̀ pé inú rẹ̀ kò balẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó wọ bùbá tó fi ń ṣeré lásán, ó fi láwàní sílẹ̀ sára ògiri, ó di ọwọ́ mi mú. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí i kí ó jáde láìwé láwàní, àwọn tó ń kí wa lọ́nà sì ń wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ọ̀gá Báyọ̀dé dìde nígbà tó rí wa. Ó fún Bàbá Àgbà ní àga, Bàbá Àgbà kò jókòó. "Ọ̀gá, n kò wá bí adájọ́. Ẹ wo orí mi."

"Mo rí i, Baba. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà lẹ sọ ọ́ fún ìyàwó mi níwájú gbogbo ayé pé ohun tí òfin bá sọ ni òfin sọ."

Bàbá Àgbà rẹ́rìn-ín díẹ̀. "A sọ òkò sọ́jà, ó bá ará ilé ẹni. Mo sọ bẹ́ẹ̀ kí n má baà mú un. Títi ọmọ mọ́ta, mímú ni. Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ohun kan. Kí wọ́n tó ṣe òfin apá yìí, kí ló ń dààmú yín níbí?"

Ọ̀gá ronú. "Àwọn òbí ń kó ọmọ kéékèèké wá. Wọ́n ń sùn ní kíláàsì, wọ́n ń tọ̀ sára."

"Èyí ńkọ́? Ṣé ẹ rò pé yóò tọ̀ sára?"

Ojú tì mí ju ti ọjọ́ àkọ́kọ́ lọ. Ọ̀gá wò mí, ó wo ìgúnpá mi, mo sì rí i pé ọjọ́ náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wò ó ní ti gidi. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó fi etí ṣẹ́ẹ̀tì nù ún, ó pẹ́ lórí rẹ̀. "Ìyàwó mi ti gbé iná jáde, Baba," ó wí jẹ́jẹ́. "Lálẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni. Ojú ló ń tì mí láti sọ." Ó gbé awò náà padà sójú. "Ọjọ́ orí la ń wá, apá la rí fi wọ̀n ọ́n. Ọ̀tún àti òsì ìwọ̀n kan náà ni. Ó yá, Ràmátù, fi ọwọ́ òsì kan etí ọ̀tún."

Mo gbé òsì mi, mo fi sẹ́yìn.

"Fi kàn án," ó tún wí.

"Mi ò gbọdọ̀ na òsì níwájú àgbà, sà."

Ọ̀gá Báyọ̀dé wo Bàbá Àgbà, ó ní, "Baba, èmi ti tú òfin tèmi. Ó ku ti ilé yín." Bàbá Àgbà la ẹnu láti pàṣẹ, ó sì pa á dé. Títí di òní, mo bọ̀wọ̀ fún pípa tó pa ẹnu yẹn dé. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lẹ́nu rẹ̀ ti tó, ṣùgbọ́n òfin náà kì í ṣe tirẹ̀, ó sì mọ̀ pé bí òun bá fi agbára fọ́ ọ, n óò máa rò pé agbára ni a fi ń fọ́ òfin. Ó lóṣòó níwájú mi, orúnkún rẹ̀ dún.

"Ràmátù, kí ni Ìyá Àgbà ń wá tó fi ṣe òfin yẹn?"

N kò rò ó rí. Mo rò ó níbẹ̀. "Kí á má baà rí àgbà fín."

"Ṣé o fẹ́ rí ọ̀gá fín?"

"Rárá."

"Kí lo fẹ́?"

"Mo fẹ́ kàwé."

"Ó dára. Ìwọ ni adájọ́. Dá a."

Ó dìde, ó sì yíjú sí fèrèsé, bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kò kàn mọ́. Lẹ́yìn náà ni mo mú ọwọ́ òsì jáde láti ẹ̀yìn, mo gbé e gba orí mi kọjá, mo kan etí ọ̀tún. Kì í ṣe pé mo kàn án nìkan, mo dì í mú, mo fà á. Ọ̀gá Báyọ̀dé bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Okun o, ọmọ mi. Káàbọ̀."

Bí a ṣe ń padà bọ̀, inú mi ń dùn, ẹ̀rù sì ń bà mí, nítorí òfin yẹn kò sí lọ́wọ́ Bàbá Àgbà láti tú. Mo ti na òsì níwájú àgbà méjì. Ní ìrọ̀lẹ́, bí tùwó ṣe délẹ̀, ó ròyìn gbogbo rẹ̀, ó tiẹ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe bí mo ṣe fa etí. Ìyá Àgbà gbọ́ títí dé òpin, ojú rẹ̀ kò yí padà. Ó dìde, ó wọ inú ilé, mo sì ń retí igi orógùn. Ṣíbí onígi kan ló mú jáde. Ó nù ún sára ìró rẹ̀, ó fà mí mọ́ra, ó sì fi lé mi lọ́wọ́ òsì.

"Jẹun," ó wí. "Ọlọ́run mọ ohun tó ṣe apá kejì."

Bàbá Àgbà kò lè ṣe kí ó má bá a ṣe ẹ̀fẹ̀. "Èyí mà yà mí lẹ́nu o. Òfin ti yí padà nìyẹn?"

"Kò yí padà. Èmi ni mo ṣe é, mo sì mọ ohun tí mo fi ń wá."

Mo bu tùwó. Mo gbé orí sókè, mo jẹun.